Orúkọ Rashidi Yekini wà lára pápá, ṣùgbọ́n ta ló kan ilẹ̀kùn rẹ̀?

Nígbàkúùgbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Kwara United bá gba àlejò nílùú Ìlọrin, orí pápá tí wọ́n fi orúkọ Rashidi Yekini sọrí ni wọ́n ti ń kojú ara wọn. Ọmọ ìpínlẹ̀ Kwara ni Yekini, Irá ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun ni ìdílé rẹ̀ ti wá, ìlú tí ìtàn sọ pé Ọya ti wọlẹ̀. Ohun tó dára ni bí wọ́n ṣe fi orúkọ rẹ̀ pe pápá náà, a kò sì ní torí pé a fẹ́ sọ̀rọ̀ ká wá bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tó dára. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Òwe yìí ló ń ṣẹ mọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù wa lára, òun náà ló sì mú wa gbé kálàmù lónìí.

Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yìí kò tíì dáyé lọ́dún 1994. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ti dàgbà lẹ fi ojú ara yín rí i, ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ fún wa. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹfà ọdún náà ni Nàìjíríà kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje ife àgbáyé, ní pápá Cotton Bowl nílùú Dallas, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín. Eré náà kò ju ìṣẹ́jú 21 lọ nígbà tí Finidi George gbé bọ́ọ̀lù wá láti apá ọ̀tún, tí Yekini sì tì í sínú àwọ̀n Bulgaria. Kì í ṣe góòlù náà nìkan làwọn èèyàn ń sọ títí dòní, ohun tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ó sáré wọ inú ilé góòlù, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ojú àwọ̀n, ó dì í mú, ó ń mì í, ó ń pariwo, ó ń sunkún. Daniel Amokachi àti Emmanuel Amuneke gbá góòlù kọ̀ọ̀kan sí i, eré sì parí sí 3-0. Bulgaria tí wọ́n lù bí bàrà yìí ló gbé ipò kẹrin nígbà tí ìdíje náà kásẹ̀ nílẹ̀.

Ẹni tó bá wo àwòrán yẹn nìkan lè rò pé òjijì ni oríire náà dé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kàdúná ni wọ́n ti bí Yekini, lọ́jọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹwàá ọdún 1963. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù UNTL, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe aṣọ ní Kàdúná, ló ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1982, ó bọ́ sí Ìbàdàn, ó di ọmọ ẹgbẹ́ Shooting Stars, ó sì wà lára àwọn tó gbé ẹgbẹ́ náà dé àṣekágbá ìdíje ife ẹ̀yẹ àwọn akọni ẹgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1984, níbi tí Zamalek ilẹ̀ Íjíbítì ti borí wọn. Láti ibẹ̀ ló ti lọ sí Abiola Babes, ẹgbẹ́ tí olóògbé Olóyè M.K.O. Abíọ́lá dá sílẹ̀. Ọdún 1987 ló tó kúrò nílé, Abidjan ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire ló sì lọ, sínú ẹgbẹ́ Africa Sports. Ọdún 1990 ló tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Yúróòpù, nígbà tó darapọ̀ mọ́ Vitória Setúbal lórílẹ̀-èdè Pọtogí.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Nígbà tó lọ sí Abidjan, ó ti lé ní ọmọ ọdún 23. Nígbà tó dé Pọtogí, ó ti ń súnmọ́ ọmọ ọdún 27. Nígbà tó mi àwọ̀n ní Dallas, ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni. Kódà, Setúbal tó lọ bá já sí ìpele kejì, kò sá fi wọ́n sílẹ̀. Ó bá wọn jìyà níbẹ̀ títí wọ́n fi padà sí ìpele àkọ́kọ́ lọ́dún 1993. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, góòlù 21 ló gbá sáwọ̀n, kò sì sí agbábọ́ọ̀lù kankan ní Pọtogí tó gbá tó o lọ́dún náà. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó mókè jù lọ nílẹ̀ Áfíríkà, oyè ọdún 1993 ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1994, Nàìjíríà gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Tùnísíà, góòlù márùn-ún tó gbá níbẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú ìdíje náà. Àpapọ̀ góòlù tó gbá fún orílẹ̀-èdè wa jẹ́ 37. Ó lé ní ogún ọdún tí kò sí ẹni tó súnmọ́ iye yìí, kí Victor Osimhen tó bẹ̀rẹ̀ sí í lé e bọ̀.

Lẹ́yìn ife àgbáyé náà, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó lọ sí Olympiacos ilẹ̀ Gíríìsì, kò bá a lára mu. Ó lọ sí Sporting Gijón ní Sípéènì, ó tún padà sí Setúbal, ó lọ sí Zürich ní Switzerland. Ó tún bá Nàìjíríà lọ sí ife àgbáyé ọdún 1998 nílẹ̀ Faransé. Lẹ́yìn náà ló tún gbá bọ́ọ̀lù ní Tùnísíà àti Saudi Arabia, kó tó padà sí Abidjan. Nígbà tó wálé, ó gbá fún Julius Berger ní Èkó, àti fún Gateway ti ìpínlẹ̀ Ògùn lọ́dún 2005. Ọmọ ọdún 41 ni nígbà náà. Ẹni tí gbogbo ayé ti pàtẹ́wọ́ fún rí tún ń sáré kiri lórí pápá líìgì ilé pẹ̀lú àwọn tó lè bí lọ́mọ.

Lẹ́yìn èyí, ìdákẹ́jẹ́ ló tẹ̀ lé e. Ìbàdàn ló fi ṣe ibùgbé, òun nìkan ló sì ń dá gbé. Oríṣiríṣi nǹkan làwọn èèyàn sọ nípa àwọn ọdún rẹ̀ tó kẹ́yìn, a kò sì ní bá wọn tún un sọ, torí òkú kì í sọ tẹnu ẹ̀. Ohun tí gbogbo ìwé ìròyìn gbé nígbà náà ni pé ara rẹ̀ kò dá, àti pé ìdààmú ọkàn ń bá a fínra. Ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ọdún 2012 ni ó jáde láyé lẹ́ni ọdún 48, wọ́n sì gbé e lọ sí Irá, wọ́n sin ín síbẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo Nàìjíríà rántí rẹ̀. Àwọn olóṣèlú kẹ́dùn, àwọn tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù kẹ́dùn, àwa oníròyìn náà kọ ọ́ gàdàgbà sí iwájú ìwé. Ìbéèrè wa ni pé níbo ni gbogbo wa wà lọ́dún 2011?

Kì í ṣe òun nìkan. Nínú àwọn tó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún wa ní Tùnísíà lọ́dún 1994, Uche Okafor ló kọ́kọ́ lọ, lọ́dún 2011. Yekini tẹ̀ lé e lọ́dún 2012. Thompson Oliha kú lọ́dún 2013, Ìlọrin wa níbí ló sì kú sí, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bọ́ọ̀lù ní Kwara Football Academy. Wilfred Agbonavbare tó ń ṣọ́lé fún Rayo Vallecano kú sí Sípéènì lọ́dún 2015, àìsàn jẹjẹrẹ ló pa á. Kó tó kú, ẹrù àwọn èrò ọkọ̀ òfurufú ló ń gbé ní pápákọ̀ òfurufú Madrid kó tó lè jẹun. Stephen Keshi tó jẹ́ balógun wọn kú lọ́dún 2016. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Sani Abacha ti ṣèlérí ilé fún àwọn agbábọ́ọ̀lù yìí lẹ́yìn tí wọ́n gba ife ẹ̀yẹ náà dé. Ọdún 2022 ni ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fún àwọn tó ṣẹ́kù nínú ìlérí náà ní tiwọn. Ọdún 28 gbáko! Àwọn márààrún tí a dárúkọ yìí ti wà nínú sàréè kí ọ̀rọ̀ ilé náà tó yanjú. Oúnjẹ tí a gbé dé lẹ́yìn tí ebi ti pa àlejò kú, ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?

Àwọn kan á ní ìyà Nàìjíríà ló fà á, àti pé bí èèyàn bá ti rí ọ̀nà gbà lọ sókè òkun, kó kúkú di ọmọ ibẹ̀ ló dáa. Ẹ jẹ́ ká wo ìyẹn náà. Emmanuel Olisadebe, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Warri, fi ẹgbẹ́ Jasper United ti Onitsha sílẹ̀ lọ́dún 1997, ó gba orílẹ̀-èdè Pólándì lọ. Ẹgbẹ́ Polonia ti Warsaw ló lọ bá, ó sì wà lára àwọn tó gba líìgì Pólándì fún ẹgbẹ́ náà lọ́dún 2000. Lọ́dún náà gan-an ni Ààrẹ Pólándì sọ ọ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè wọn. Góòlù mẹ́jọ ló gbá nínú ìdíje tó gbé Pólándì dé ife àgbáyé ọdún 2002, ìyẹn lẹ́yìn ọdún 16 tí wọn kò ti débẹ̀. Nígbà tí wọ́n na Amẹ́ríkà ní 3-1 níbẹ̀, òun ló kọ́kọ́ gbá góòlù sáwọ̀n. Ẹ ò rí i pé ìyẹn dùn ún gbọ́? Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Pólándì yìí kan náà, àwọn òǹwòran kan ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i lórí pápá nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, ó dẹni tó ń ti ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, láti Gíríìsì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti Kípírọ́ọ̀sì dé Ṣáínà. Ibi gbogbo làdìẹ àná ti í jẹ ọkà. Ẹsẹ̀ tó bá ṣì ń sáré ni ayé ń yẹ́ sí, yálà nílé tàbí lókè òkun. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá rẹ̀ ni èèyàn máa ń mọ ẹni tó fẹ́ràn òun.

Ìdí tí a fi ń sọ èyí fún ẹ̀yin òǹkàwé wa tó wà ní ìlú kéékèèké àti abúlé ni pé ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ náà wà báyìí. Ọ̀pọ̀ bàbá ló ti ń ta ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyá ló ti ń kó àjọ, nítorí pé ẹnì kan wá bá wọn pé ọmọ wọn mọ bọ́ọ̀lù gbá, òun á sì bá wọn gbé e lọ sí òkè òkun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀. Òfin àjọ FIFA kò gba ẹgbẹ́ kankan láàyè láti forúkọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 sílẹ̀ láti orílẹ̀-èdè mìíràn, àfi ní àwọn ọ̀nà díẹ̀ tí òfin náà yọ sílẹ̀, bíi kí àwọn òbí ọmọ náà ti kó lọ síbẹ̀ nítorí ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbé ọmọ yín ọlọ́dún 15 tàbí 16 lọ bá ẹgbẹ́ kan ní Yúróòpù, tó sì ń bèèrè owó, ẹ béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọdún 2023, FIFA tún ti sọ ọ́ di dandan pé kí ẹni tó bá ń ṣe aṣojú agbábọ́ọ̀lù ní ìwé àṣẹ. Ẹgbẹ́ gidi ló ń sanwó fún agbábọ́ọ̀lù, agbábọ́ọ̀lù kọ́ ló ń sanwó fún ẹgbẹ́. Ẹ rántí Yekini tó gbá bọ́ọ̀lù ní Kàdúná, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta kí ó tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

A mọ̀ pé ẹnì kan lè dá wa lóhùn pé kí ló kan ìjọba nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó ti gba dọ́là. Ó ṣe tán, àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ṣì ń tò fún owó ìfẹ̀yìntì, àwọn àgbẹ̀ kò rí ajílẹ̀ rà, kí ló dé tí agbábọ́ọ̀lù tí kò tọ́jú owó rẹ̀ á fi di ẹrù gbogbo ìlú? Ìbéèrè náà tọ́, a kò sì ní fojú fò ó. Èsì wa ni pé kì í ṣe owó la ń bẹ̀bẹ̀ fún. A kò gbọ́ pé owó ló jẹ́ ìṣòro Yekini. Ohun tó ṣe aláìní ni ẹni tó máa jókòó tì í, kó sì sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, ara yín ò dá o, ẹ dìde ká lọ rí dókítà." Ìyẹn kò ná ìjọba ní iye tó ná an láti fi orúkọ kọ ara ògiri.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan gbogbo wa. Nílẹ̀ Yorùbá, bí ibà bá mú èèyàn, gbogbo àdúgbò á bá a wá àgbo. Ṣùgbọ́n bí ọkàn rẹ̀ bá dàrú, tó ń dá sọ̀rọ̀, tó ń yẹra fún èèyàn, ṣe ni a máa ń dín ohùn kù, tí a máa ń sọ pé ayé ló ń ṣe é, tàbí pé ó ti ya wèrè, a ó sì sá fún un. Àìsàn ni ìdààmú ọkàn, bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe jẹ́ àìsàn. Àjọ àwọn agbábọ́ọ̀lù lágbàáyé, FIFPRO, ṣe ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2015. Nínú àwọn tó ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, 35 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àníyàn. Àwọn tí wọ́n ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù kò ṣàì ní in, tiwọn tilẹ̀ jẹ́ 38 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí fi hàn pé kì í ṣe èpè ilé ẹnì kan. Ẹni tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti ń pariwo orúkọ rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́, tí ariwo náà wá dákẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó yẹ ká mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ á ṣòfò. Lóṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tó rọ́pò òfin àtijọ́ ọdún 1958 tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú irú àìsàn yìí. Ọ̀nà wà, ẹni tó máa mú aláìsàn gba ọ̀nà náà ló kù.

Nítorí náà, ohun tí a ń fẹ́ kò pọ̀. Àkọ́kọ́, kí àjọ tó ń rí sí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nílẹ̀ wa, NFF, ṣe ìwé orúkọ gbogbo àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà tí wọ́n ṣì wà láàyè, kí wọ́n sì yan àwọn tó máa bẹ̀ wọ́n wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ìkejì, kí ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara bá àwọn dókítà sọ̀rọ̀ kí àwọn eléré ìdárayá tó ti fẹ̀yìn tì lè máa rí àyẹ̀wò ara àti ọpọlọ gbà láìjẹ́ pé ojú ń tì wọ́n. Ìkẹta, níbikíbi tí a bá ti ń kọ́ ọmọ ní bọ́ọ̀lù, pàápàá ní Kwara Football Academy tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 2005, kí wọ́n máa kọ́ ọ ní bí a ṣe ń tọ́jú owó àti ní iṣẹ́ mìíràn tó lè ṣe, nítorí bí ẹsẹ̀ bá ṣẹ́ lọ́la, ọwọ́ á ṣì wà. Ìkẹrin, kí àwọn tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù má ṣe dúró de òkú ara wọn kí wọ́n tó pàdé.

Àwa oníròyìn náà ní ẹ̀bi tiwa. Ìgbà tí góòlù bá wọlé àti ìgbà tí òkú bá sùn nìkan la mọ̀ ọ́n kọ. A ó gbìyànjú láti tún un ṣe.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wà ládùúgbò yín tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí, yálà fún Nàìjíríà tàbí fún ẹgbẹ́ ìlú yín lásán. Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta kan ti wà tí ẹ kò ti rí i níta, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń wà ní títì lọ́sàn-án gangan. Ẹ má ṣe dúró de ìjọba. Ẹ kan ilẹ̀kùn náà. Bó bá ní kò sí nǹkan kan, ẹ jókòó díẹ̀, ẹ bi í léèrè nípa góòlù tó gbá lọ́jọ́ sí. Pápá tí a fi orúkọ Yekini sọrí kò lè dá a lóhùn mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó kù ṣì ń gbọ́.